Ẹ ṣọ́ra o! Knuckle ayédèrú ni wọ́n tà fún mi láti fi mú iwájú Ìjàpá wálẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú Volkswagen Ìjàpá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì ₦340,000. Owó yẹn dùn mí, àmọ́ kì í ṣe òun ló ń jí mi lóru.

Ọkọ̀ bàbá mi ni. Wọ́n rà á ní tuntun ní 1978, ọ̀kan lára àwọn tí iléeṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ l'Ékòó láti 1975. Kí Bàbá tó lọ, wọ́n ní kí n tún un ṣe bó bá ṣe wù mí, ṣùgbọ́n kí n má gé nǹkan kan lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wá ọ̀nà tí iwájú rẹ̀ á fi wálẹ̀ díẹ̀, tí mo sì máa lè dá a padà lọ́jọ́ tó bá wù mí.

Ọ̀nà náà wà lóòótọ́. Knuckle ni irin tí táyà iwájú ń yí lórí rẹ̀. Nínú èyí tí wọ́n ṣe fún mímú ọkọ̀ wálẹ̀, wọ́n gbé ọ̀pá tó di táyà mú sókè sí i, ọkọ̀ á sì sún mọ́lẹ̀ bí íǹṣì méjì àbọ̀, láìfọwọ́ kan àwọn irin pẹlẹbẹ tó ń ṣiṣẹ́ sìpírín nínú páìpù méjì abẹ́ iwájú. Tó bá sú yín, ẹ tú u, ẹ dá ti tẹ́lẹ̀ padà.

Ohun tí ọkùnrin tó tà á fún mi sọ gan-an nìyẹn. Ó mọ̀ ọ́n sọ! Ó bi mí bóyá ball joint ni tèmi àbí king pin, ìyẹn oríṣi oríkèé méjì tó ń so knuckle mọ́ ọkọ̀, ó ní láti mọ́dẹ́ẹ̀lì 1966 ni Ìjàpá ti ń lo ball joint. Òótọ́ ni. Ta ni kò ní gbà á gbọ́? Mo gba fọ́tò mẹ́fà, mo pè é lórí fídíò. Èmi kì í ṣe ọmọdé nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀.

Ó wá ní kí n kó ti tẹ́lẹ̀ wá, òun á yọ ₦30,000 kúrò nínú owó. Mo sì kó o fún un. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tú knuckle bàbá mi méjèèjì, mo fi kẹrosíìnì fọ̀ wọ́n, mo fi ìwé ìròyìn wé wọn, mo gbé wọn fún olè. Ohun tí mo máa fi dá ọkọ̀ padà ni mo gbé jáde nílé yẹn, nítorí ₦30,000! Ìyàwó mi bi mí pé kí ló ṣe mí. Mi ò rí èsì fọ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án, mo rọra wọ kòtò kan nítòsí Ìyànà Ìbà, mo gbọ́ ìró irin, táyà ọ̀tún sì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọbìnrin mi jókòó tì mí. Ká ní orí afárá ni ńkọ́? Nígbà tí mẹkáníìkì ha ọ̀dà dúdú ara knuckle náà kúrò, ojú ibi tí wọ́n ti jó o yí ọ̀pá náà ká. Knuckle lásán ni wọ́n gé, tí wẹ́dà gbé sókè, tó fi iná lẹ̀ padà! Irin tí ẹ̀mí ènìyàn dúró lé! Mo pe ọkùnrin náà, ó ní mẹkáníìkì mi ló bà á jẹ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti dí nọ́ńbà mi.

Ẹlòmíràn á ní kí ló dé tí mi ò ha ọ̀dà kí n tó sanwó. Ṣé ẹ̀yin ti ha ọ̀dà ọjà tuntun rí lójú ẹni tó ń tà á? Ó yẹ kí n ha á. Mo mọ̀. Lójú mi báyìí, olè ni gbogbo àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ àtijọ́ lórí fóònù, bó bá bí wọn nínú, kí wọ́n gbé ọjà wọn wá ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ mú fáìlì tí wọ́n fi ń ha irin dání, ẹ ha á. Bí ẹ bá rí ojú iná, ẹ máa lọ. Ẹ má sanwó kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Iwájú Ìjàpá mọ́dẹ́ẹ̀lì 1302 àti 1303 yàtọ̀ pátápátá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta irú knuckle yìí fún yín fún un. Ojúlówó tí ẹ bá tú, inú ilé ni kó wà.

Orí búlọ́ọ̀kù ni Ìjàpá Bàbá wà báyìí. Mò ń wá knuckle ojúlówó méjì, ti ball joint, tí wẹ́dà kò fọwọ́ kàn rí. Ẹni tó bá ní, kó jọ̀ọ́ sọ fún mi. Màá wá wò ó fúnra mi, tèmi ti fáìlì.