Àgbéyẹ̀wò Common App láti ọwọ́ olùdámọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Olùdámọ̀ràn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí ni Common App, fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi béèrè àyè ní yunifásítì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì tó lé ní 1,000, tí èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn wà ní Amẹ́ríkà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sábà máa ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Èmi lò ó láti ọ̀nà kejì, nítorí pé fọ́ọ̀mù náà ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ fún olùkọ́ àti olùdámọ̀ràn, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ ni pé fún ọmọ tí èsì rẹ̀ kò pé pérépéré, apá tí ilé ẹ̀kọ́ ń kọ ló ń gbé e ró jù, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ọ̀pọ̀ òbí àti olùkọ́ ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Ọmọbìnrin tí mo bá ṣe iṣẹ́ náà ti jáde ní ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ wa. Ó gba A1 nínú Bàọ́lọ́jì, B2 nínú Gẹ̀ẹ́sì, B3 nínú Ìṣirò, C4 nínú Kẹ́mísírì àti C6 nínú Físíìsì nínú WAEC rẹ̀. Ní ilé wa níbí, kírẹ́díìtì márùn-ún ti pé, kò sí ẹni tí yóò lé e padà. Ṣùgbọ́n ibi tó ń wò le: ní Harvard, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó bá béèrè, àwọn tí wọ́n ń gbà kò tó márùn-ún. Ìyá rẹ̀ wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú o, ẹni tó ní C6, ṣé wọ́n á tilẹ̀ ṣí ìwé rẹ̀ wò?"

Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti dé ọ̀dọ̀ aṣojú kan ní Adó tó ń bá ènìyàn wá àyè sí ilé ẹ̀kọ́ òkèèrè, ẹni tó gbà á nímọ̀ràn pé kí ọmọ náà lọ tún ìdánwò ṣe ní míràkù sẹ́ńtà kí A1 lè kún ojú èsì náà, kí òun sì bá a kọ àròkọ tí wọn yóò fi ránṣẹ́. Ní ìpínlẹ̀ tí gbogbo ayé fi àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mọ̀ ni ọkùnrin tó wọ táì jókòó sí tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún ìyá ọlọ́mọ! Ẹni tó bá fọwọ́ sí Common App ti fi orúkọ ara rẹ̀ jẹ́rìí pé òótọ́ ni ohun tó wà nínú rẹ̀ àti pé òun ló kọ ọ́. Bí àṣírí bá tú, kọ́lẹ́ẹ̀jì lè gba àyè náà padà kódà lẹ́yìn tí ọmọ ti wọlé. Ẹni tó bá ń wá ìmọ̀ràn lè kàn sí EducationUSA, tí ìjọba Amẹ́ríkà dá sílẹ̀, tó sì ní ọ́fíìsì ní Èkó àti Àbújá.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ àwọn ohun tí kò ní wàhálà. Ọ̀fẹ́ ni ṣíṣí àkáǹtì. Fọ́ọ̀mù ọdún tuntun máa ń ṣí ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ, àkáǹtì kan sì lè gbé ìbéèrè lọ sí ilé ẹ̀kọ́ 20. Ọ̀pọ̀ ibi ló ní gbèdéke méjì, ti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá fún àwọn tó tètè múra, àti ti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní. Kì í ṣe gbogbo ilé ẹ̀kọ́ olókìkí ló wà níbẹ̀. MIT, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó lókìkí ní Amẹ́ríkà, ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ orúkọ ń fẹ́ àkíyèsí, nítorí WAEC máa ń kọ orúkọ ìdílé ṣáájú, fọ́ọ̀mù yìí sì pín àpótí orúkọ sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà ni kí ẹ kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àròkọ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ nípa ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀rọ̀ 650, kò sì gbọdọ̀ dín ní 250. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ̀rọ̀ lórí àròkọ yìí, n kò ní fi kún un, àfi pé ọmọ náà kò fi ìlà kan ṣòfò lórí C6 rẹ̀ níbẹ̀. Àyè kan wà lẹ́yìn fún irú àlàyé bẹ́ẹ̀, gbólóhùn díẹ̀ sì tó o.

Ibi tí mo ti gbóṣùbà fún àwọn tó ṣe fọ́ọ̀mù náà ni apá tí wọ́n ti ń béèrè ohun tí ọmọ ń fi àkókò rẹ̀ ṣe lẹ́yìn kíláàsì. Àyè mẹ́wàá ló wà, àlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ ju lẹ́tà 150 lọ, àti àlàfo àti àmì. Wọ́n tún ń béèrè iye wákàtí lọ́sẹ̀ àti iye ọ̀sẹ̀ lọ́dún. Ọmọ náà kọ́kọ́ kọ JETS (ẹgbẹ́ àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì), ẹgbẹ́ akọrin àti ipò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí àwọn ọmọ ní yàrá ìṣẹ́ sáyẹ́ǹsì. Kò mẹ́nu kan ẹbu epo ìyá rẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ló máa ń wà ní gbogbo Sátidé àti ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ó rò pé ènìyàn kì í kọ iṣẹ́ ilé sínú fọ́ọ̀mù yunifásítì. Àmọ́ nínú àkójọ tí a ó ti yan, iṣẹ́ owó wà níbẹ̀, ojúṣe nínú ẹbí náà sì wà níbẹ̀.

Mo ní kó mú ìwé tó fi ń ṣe ìṣirò ẹbu wá. Ìwé gígùn ni, epo ti rin etí rẹ̀. Ó fa ojú ewé kọ̀ọ̀kan sí ọ̀wọ́ mẹ́rin: iye ìdì ẹyìn tó wọlé, owó àwọn alágbàṣe, iye kẹ́ẹ̀gì epo tó jáde, àti orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè. Ní ọ̀sẹ̀ kan, iye ìdì kò yàtọ̀ sí ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, síbẹ̀ epo dín, ó sì fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé ẹyìn ìbílẹ̀ ni wọ́n rà lọ́sẹ̀ náà, pé ti àgíríìkì ni tàtẹ̀yìnwá. Láti ibẹ̀ lọ ló ti pín àkọsílẹ̀ náà sí méjì, ìyá rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún irú ẹyìn kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀. Ẹni tó bá ka ìyẹn tán kò ní sọ pé orí ọmọ yìí kò gba sáyẹ́ǹsì. Ó gé e, ó tún un gé, títí ó fi wọ inú lẹ́tà 150.

Wàyí o, apá ti ilé ẹ̀kọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti tẹ íméèlì olùdámọ̀ràn rẹ̀ sí i, ìwé ìpè yóò dé bá ẹni náà, yóò sì ṣí àkáǹtì tirẹ̀. Wọn yóò béèrè School Report lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí í ṣe ìjábọ̀ nípa ilé ẹ̀kọ́ àti ipò ọmọ náà nínú rẹ̀. Wọn yóò béèrè lẹ́tà ìjẹ́rìí, àkójọ èsì láti kíláàsì dé kíláàsì, àti ìwé tó ṣàlàyé irú ilé ẹ̀kọ́ tí a jẹ́. Ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì tún ń béèrè lẹ́tà olùkọ́ kan tàbí méjì. Kí àwọn lẹ́tà tó lọ, wọn yóò bi akẹ́kọ̀ọ́ bóyá ó yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti kà wọ́n lọ́jọ́ iwájú. Ìmọ̀ràn mi ni pé kó yọ̀ǹda rẹ̀, nítorí lẹ́tà tí a kọ lójú ẹni kì í fi bẹ́ẹ̀ wúwo lọ́wọ́ ẹni tó ń kà á.

Máàkì ni ohun àkọ́kọ́ tó lè ṣi ọmọ lọ́nà níbẹ̀. WAEC ń fún ènìyàn ní A1 láti 75 lọ sókè. 70 sí 74 ni B2, 65 sí 69 ni B3, 60 sí 64 ni C4, 55 sí 59 ni C5, 50 sí 54 sì ni C6. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà, 90 ni A ti ń bẹ̀rẹ̀, 75 sì jẹ́ C lásán. Ẹni tó bá rí 67 nínú ìwé èsì ọmọ wa láìsí àlàyé lè rò pé díẹ̀ ló kù kó fìdí rẹmi, bẹ́ẹ̀ B3 tó dáńgájíá ni. Àwọn kan máa ń fi ọwọ́ ara wọn yí máàkì padà sí ti Amẹ́ríkà. Kò pọn dandan, ó sì léwu. A fi máàkì sílẹ̀ bó ṣe wà, a tẹ òṣùwọ̀n WAEC sí ojú ewé kan, a sì lu òǹtẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ sí i. Ipò nínú kíláàsì tí àwa máa ń kọ sí ìwé èsì tún gbè é lẹ́yìn, torí pé ọmọ náà kì í jìnnà sí òkè, nítorí náà máàkì tó dà bí ẹni pé ó kéré wá hàn bí ti ọmọ tó ń ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Èyí tó le ni C6 fúnra rẹ̀. Òótọ́ tó wà nídìí rẹ̀ ni pé wọ́n gbé olùkọ́ Físíìsì wa lọ sí ibòmíràn nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ náà wà ní SS2, òmíràn kò sì dé títí wọ́n fi wọ SS3. Nóòtì tí wọ́n yá lọ́wọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ń kàwé, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó gba A1 nínú Físíìsì. Bí ọmọ bá fúnra rẹ̀ kọ èyí, àwáwí ni yóò jọ. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá kọ ọ́, ẹ̀rí ni. Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà mi, mo sì gbé e lọ fún ọ̀gá àgbà wa. Wọ́n kà á, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní, "Ṣé kí àwa fi ọwọ́ ara wa kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà pé a kò ní tíṣà?" Mo ní, "Ẹ má bínú sà, òótọ́ ni. Bí a kò bá sọ ọ́, wọ́n á rò pé ọmọ náà ni kò mọ̀wé." Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gbà, wọ́n sì ní kí n yọ ọ̀rọ̀ kan tó le jù kúrò. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó gba ọmọ náà níkẹyìn kọ ìlà kan sínú lẹ́tà wọn pé àwọn rí bó ṣe kọ́ ara rẹ̀ ní Físíìsì. Èmi ò nílò ẹ̀rí mìíràn.

Lẹ́tà àwọn olùkọ́ náà gba sùúrù. Olùkọ́bìnrin wa tó ń kọ́ wọn ní Kẹ́mísírì kọ́kọ́ gbé ìlà mẹ́rin wá: ọmọ tó ní ìwà rere ni, ó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, wọn kò bá a wí rí. Irú lẹ́tà tí a ń kọ fún ẹni tó ń wá iṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ nìyẹn. Mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fi ń rántí ọmọ náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì sọ ti ọjọ́ kan nínú yàrá ìṣẹ́ tí ohun tí ọmọ náà rí yàtọ̀ sí ti gbogbo kíláàsì, tó kọ̀ láti wo ti ẹnikẹ́ni kọ, tó ń tún un ṣe títí ó fi rí i pé ẹnu bùrẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ló ń jò. Ìyẹn ló wọ inú lẹ́tà kejì.

Nípa SAT, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò tí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà fi ń wo akẹ́kọ̀ọ́, ibi púpọ̀ ṣì gbà kí ènìyàn má fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n MIT ti tún sọ ọ́ di dandan ní 2022, Dartmouth, Yale, Brown àti Harvard sì kéde ní 2024 pé àwọn náà yóò tún máa béèrè máàkì ìdánwò. Mo gbà pé kí ọmọ tó ní B3 nínú Ìṣirò ṣe é bí agbára bá wà. Máàkì Ìṣirò tí tiwa gbà nínú SAT dára ju ohun tí B3 ń sọ lọ.

Owó ni mo fẹ́ kí òbí rò dáadáa. Iye tí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà fún fọ́ọ̀mù sábà máa ń wà láàárín 50 sí 90 dọ́là, àmọ́ a lè tọrọ pé kí wọ́n fojú fò ó, olùdámọ̀ràn ni yóò sì jẹ́rìí pé agbára ẹbí kò ká a. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan kò tilẹ̀ gba kọ́bọ̀. Owó ìkẹ́kọ̀ọ́ gan-an ni ìṣòro. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ díẹ̀, tí Harvard, Yale, Princeton, Amherst, Dartmouth àti Bowdoin wà lára wọn, kì í wo àpò ọmọ ilẹ̀ òkèèrè nígbà tí wọ́n bá ń pinnu ẹni tí wọn yóò gbà, wọ́n sì ń dí gbogbo àlàfo tí ẹbí kò bá lè san. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn yòókù ń wo àpò. Nítorí náà, ọmọ tí kò lówó tí kò sì ní A1 yíká ń gbé ẹrù méjì, ti owó ló sì wúwo jù, bí gbogbo ènìyàn tilẹ̀ ń pariwo C6. Ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì tún ń béèrè CSS Profile, fọ́ọ̀mù ọ̀tọ̀ lórí owó tó ń wọlé fún ẹbí. Ìyá tí kì í gba owó oṣù kò ní ìwé kankan tí yóò fi hàn, ìwé ẹbu náà la fi ṣe ìṣirò ọdún.

Ẹni tó bá fẹ́ fi wé ti ilé wa kò jẹ̀bi. Ní yunifásítì Ifẹ̀, ìṣirò tó hàn gbangba ni: nínú 100, UTME, ìdánwò JAMB, kó 50, ìdánwò tí yunifásítì náà ṣe fúnra rẹ̀ kó 40, èsì WAEC kó 10. C6 yóò jẹ díẹ̀ nínú 10 yẹn, ọ̀rọ̀ tán; kò sí ẹni tí yóò béèrè ibi tí olùkọ́ wà. Mo fẹ́ràn èyí ju bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ, torí pé ọmọ mọ ohun tó kù fún un láti ṣe. Ti Amẹ́ríkà ń gbọ́ àlàyé, ṣùgbọ́n kò ṣèlérí ohunkóhun fún ẹni tó ṣàlàyé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ọmọ náà má fi JAMB sílẹ̀, kò sì fi sílẹ̀. Nígbà tí ìdáhùn dé ní ìparí oṣù Kẹta, ọ̀pọ̀ ló kọ̀ ọ́, títí kan ibi tó wù ú jù. Ọ̀kan ní kó máa dúró ná. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan gbà á, ó sì fún un ní ìrànlọ́wọ́ tó kárí ẹ̀kọ́, ilé àti oúnjẹ. Owó físà àti ti ọkọ̀ òfuurufú ni ẹbí wá.

Nínú márùn-ún, mẹ́rin ni mo fún Common App. Mo yọ ọ̀kan nítorí pé ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ní ẹni tó lè jókòó ti kọ̀ǹpútà fún irú iṣẹ́ yìí yóò dé ibẹ̀ láìní ẹlẹ́rìí, bó ti wù kí àròkọ rẹ̀ dùn tó. Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ilé ẹ̀kọ́ ni kó kọ́kọ́ lọ, kó tó ya kàfé. Kó lọ kí ìsinmi táàmù kẹta tó dé, torí pé ìgbà tí ọ̀gá àti olùkọ́ ti tú ká ni fọ́ọ̀mù ń ṣí. Kó mú ìwé èsì SS1 dé SS3 dání, gbogbo táàmù mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án. Ti ọmọbìnrin yìí, táàmù kan sọnù, inú rẹ́jísítà ògbólógbòó kan ní stóò la ti rí máàkì rẹ̀ kọ, lẹ́yìn tí a ti tú ilé náà palẹ̀.