Wayback Machine: ibi tí mo ti rí ìkànnì ẹgbẹ́ wa padà

Nígbà tí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè wa ní Adó-Èkìtì kógbá sílé, tí a kò sì san owó ìkànnì rẹ̀ mọ́, gbogbo àkọsílẹ̀ wa pòórá. Wayback Machine, ìkànnì tó ń tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́ àwọn ojú-ìwé orí ayélujára, tí àjọ Internet Archive ti Amẹ́ríkà ṣí fún aráyé lọ́dún 2001, ni mo ti rí wọn padà: mo tẹ àdírẹ́sì àtijọ́ náà síbẹ̀, mo yan ọjọ́ kan lórí kàlẹ́ńdà, orúkọ àwọn àgbà tó dáwó kànga sì hàn kedere. Inú mi dùn púpọ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àwòrán ló máa ń rí gbà pamọ́. Kí ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ pa ìkànnì rẹ̀ dé tètè fi Save Page Now, irinṣẹ́ kan lórí Wayback Machine, tọ́jú ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan síbẹ̀.