Ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ní Àkúrẹ́: tísà dáa, àga ò sí

Ẹ kú déédé ìwòyí o. Àwọn èèyàn máa ń bi mí ní ṣọ́ọ̀bù pé ṣé ilé-ìwé ìjọba ṣì ṣeé mú ọmọ lọ ní Àkúrẹ́ báyìí, pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, torí wọ́n mọ̀ pé télọ̀ ni mí, yúnifọ́ọ̀mù ni mo sì ń rán jù, ọmọ mi ọkùnrin náà wà ní Primary 4 ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-ìwé yẹn. Mo wá ní kí n kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni tó bá fẹ́ kà á lè kà á. Mi ò ní dárúkọ ilé-ìwé tọ́mọ mi wà o, torí ẹjọ́ HM, ìyẹn ọ̀gá ilé-ìwé, àtàwọn tísà ibẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ rò.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn tísà. Márùn-ún nínú márùn-ún ni mo fún wọn, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé tísà ìjọba ò mọ nǹkan kan. Tísà tó ń kọ́ ọmọ mi, kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéyẹmí ní Oǹdó ló ti gba NCE kó tó lọ gba degree, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ private kéékèèké tó wà ládùúgbò wa, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde WAEC ni wọ́n ń gbà síṣẹ́. Ìdérí mínírà ni obìnrin yìí ń ṣà jọ sínú ike, òun ló fi ń kọ́ wọn ní ìṣirò, páálí tó sì ń ya àwòrán sí, owó ara ẹ̀ ló fi ń rà á, kò sẹ́ni tó ń dá a padà fún un. Ọmọ mi ti mọ tables dé 12 lórí, ó sì ń ka ìwé Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn ẹ̀, ó ń tún tèmi gan-an ṣe. Nítorí náà tó bá jẹ́ ti ẹ̀kọ́ lẹ ń bi mí, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà ni gbogbo nǹkan yòókù.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé aṣọ máa ń sọ̀rọ̀ fún télọ̀. Yúnifọ́ọ̀mù ọmọ ilé-ìwé tiwa, ìdí ló ti ń kọ́kọ́ já. Ìdí ṣòkòtò, ìdí síkẹ́ẹ̀tì, á fẹ́lẹ́ títí táá fi lu, tí ibi yòókù lára aṣọ náà á ṣì le dáadáa. Torí pé ilẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí. Bẹ́ǹṣì tó wà ní kíláàsì ọmọ mi, tèèyàn méjì ni, àwọn mẹ́rin ló ń fún ara wọn sórí ẹ̀, àwọn tó bá sì pẹ́ dé láàárọ̀, àpò ìrẹsì ni wọ́n ń tẹ́ sórí símẹ́ńtì níwájú bọ́ọ̀dù, orí ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n ti ń kọ̀wé. Ilé-ìwé ìjọba kan wà lápá ibi táwọn òṣìṣẹ́ ìjọba pọ̀ sí láàárín ìlú níbí, èmi náà ni mò ń ránṣọ fún ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀, ọrùn ni tiwọn ti ń gbó, látinú fífọ̀ àti lílọ̀. Ìdí ẹ̀ kì í já. Tẹ́ ẹ bá kó yúnifọ́ọ̀mù mọ́kànlá dà sílẹ̀ níwájú mi láìsí báàjì lára wọn, màá pín in sí méjì fún yín.

Mo máa ń gbé aṣọ lọ síbẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ wọlé, mo sì ti wo inú kíláàsì wọn dáadáa. Ọmọ méjì sí dẹ́sìkì kan. Borehole wà, ó sì ń ṣiṣẹ́. Tọ́lẹ́ẹ̀tì wọn ní ilẹ̀kùn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọbìnrin tó ti ń bàlágà á mọ ìdí tí mo fi mẹ́nu ba ilẹ̀kùn. Wọ́n tún gba tísà méjì kún ti ìjọba, PTA, ìyẹn ẹgbẹ́ òbí àti tísà, ló ń sanwó fún wọn. Ilé-ìwé ìjọba kan náà ni o, abẹ́ SUBEB kan náà, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó wọn, owó oṣù kan náà làwọn tísà ibẹ̀ àti tibi ń gbà. Mo béèrè lọ́wọ́ ìyá kan tí mò ń ránṣọ fún níbẹ̀ pé ta ló kó dẹ́sìkì yẹn wá, ṣé ìjọba ni. Ó ní rárá o, Ìyá Ayọ̀, àwa òbí ni. Wọ́n dá lẹ́fì, ọ̀pọ̀ èèyàn ti san tiẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, bàbá ọmọ kan tó jẹ́ kọntirátọ̀ wá fi ẹ̀yìn nǹkan tó kù gbé pọ́ńpù borehole sí i.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni lẹ́fì PTA tá a kọ́kọ́ dá fún bẹ́ǹṣì, kò pé títí táàmù fi parí. Ìyá kan tó ń sun bọ̀ọ̀lì létí títì, ọmọ mẹ́ta ló ní níbẹ̀, ó dìde ní mítìn, ó ní ẹ̀yin ará, mi ò kọ̀ láti san o, ẹ jẹ́ n máa mú igba náírà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò sí ẹni tó rí nǹkan sọ. Èèyàn kan náà ló máa ń mú yúnifọ́ọ̀mù ẹ̀gbọ́n wá fún àbúrò, táá ní kí n bá òun tú ìṣẹ́tí ẹ̀, kó lè lò ó dé third term. Kì í ṣe pé obìnrin yẹn ò fẹ́ràn ọmọ ẹ̀ tó àwọn ti apá ọ̀hún, ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ náà ló mú wá.

Ohun tó wá ń dùn mí níbẹ̀ nìyí: ọ̀fẹ́ ni wọ́n pe ilé-ìwé yìí. Òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ, ti 2004 wà, ó ní láti Primary 1 dé JSS 3, ọdún mẹ́sàn-án gbáko, ọ̀fẹ́ ni, dandan sì ni. Òfin yẹn to ohun tó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ lẹ́sẹẹsẹ: ìwé, ohun èlò ìkọ́ni, kíláàsì, àga, àti oúnjẹ ọ̀sán. Àga wà níbẹ̀! Wọ́n kọ ọ́ sínú òfin. Òfin kan náà ní ẹni tó bá gba owó lórí nǹkan wọ̀nyí lè san fáìnì ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà tàbí kó lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. HM wa wá dúró sáàárín, tó bá gba owó, òfin ń bẹ nílẹ̀, tí kò bá gbà á, ṣọ́ọ̀kì ò sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ẹjọ́ ẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ rò.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní San Antonio, ní Texas, lórí WhatsApp, mo rò pé á ní ẹ̀yin ará Nàìjíríà náà ni. Ó ní àbúrò mi, ọ̀rọ̀ tó wà ní kóòtù níbí láyé ọjọ́un lò ń sọ yẹn. Mo wá lọ kà á. Lọ́hùn-ún, apá tó pọ̀ nínú owó ilé-ìwé ìjọba, látinú owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ilé àti ilẹ̀ àdúgbò ló ti ń wá, torí náà àdúgbò tílé ibẹ̀ bá wọ́n, owó ilé-ìwé ẹ̀ á pọ̀, èyí tílé ibẹ̀ ò bá tó nǹkan, ọmọ ibẹ̀ á jìyà ẹ̀. Àdúgbò kan tó ń jẹ́ Edgewood wà ní San Antonio, ọmọ àwọn Mẹ́síkò ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú náà wà níbẹ̀ díẹ̀. Àdúgbò kejì ń jẹ́ Alamo Heights, àwọn òyìnbó ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní bíi 1967 sí 1968, 356 dọ́là ni wọ́n ń ná lórí ọmọ kan ní Edgewood lọ́dún, 594 dọ́là ní Alamo Heights. Kì í sì í ṣe pé àwọn Edgewood ò fẹ́ san owó orí o. Dọ́là kan àti sẹ́ńtì márùn-ún ni wọ́n ń san lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là tílé wọn bá tó, sẹ́ńtì 85 làwọn Alamo Heights ń san. Àwọn tálákà ló ń san èyí tó wúwo jù, àwọn náà ló ń rí èyí tó kéré jù gbà. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, ìyá tó ń sun bọ̀ọ̀lì yẹn ló wá sí mi lọ́kàn, torí ẹgbẹ̀rún kan náírà tiẹ̀ wúwo ju lẹ́fì táwọn apá ọ̀hún san lọ.

Bàbá kan tó ń jẹ́ Demetrio Rodriguez àtàwọn òbí ẹgbẹ́ ẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù ní 1968, ó dé Kóòtù tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, ní 1973 adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án dá wọn lẹ́bi, wọ́n ní ìwé òfin Amẹ́ríkà ò sọ pé ẹ̀kọ́ jẹ́ ẹ̀tọ́. Thurgood Marshall, adájọ́ aláwọ̀ dúdú, wà nínú àwọn mẹ́rin tó kọ̀ jálẹ̀. Ó di 1989 kí kóòtù tó ga jù ní Texas fúnra ẹ̀ tó sọ pé bí wọ́n ṣe ń pín owó yẹn tàpá sófin Texas. Ọmọ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ lọ kóòtù ní Primary ti dàgbà nígbà yẹn.

Kí ló wá jẹ́ kílé àwọn kan wọ́n, tí tàwọn kan ò wọ́n? Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má fo ibẹ̀. Láyé 1930s, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wọn kan ya máàpù àwọn ìlú ńlá, ibi táwọn aláwọ̀ dúdú bá ń gbé, wọ́n á kùn ún ní pupa, pé ẹni tó bá yá wọn lówó kọ́lé níbẹ̀ fẹ́ pàdánù. Wọn ò rí owó yá, ilé wọn ò níye lórí, owó orí tó ń wá látibẹ̀ kéré, ilé-ìwé ọmọ wọn náà kéré. Títí di ẹnu àìpẹ́ yìí náà ni o, ní 2019, àjọ EdBuild ṣe ìwádìí, wọ́n ní àgbègbè ilé-ìwé tó jẹ́ tàwọn aláwọ̀ funfun ń rí bílíọ̀nù 23 dọ́là gbà ju èyí tó jẹ́ ti àwọn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun lọ lọ́dún kan, bẹ́ẹ̀ iye ọmọ tó wà nínú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Àwọ̀ kan náà ni gbogbo wa ní Àkúrẹ́. Kò sẹ́ni tó ya máàpù wa ní pupa, kò sì sí owó orí ilé tó ń lọ tààrà sí ilé-ìwé àdúgbò. Ṣùgbọ́n tí ìjọba bá fi àga sílẹ̀ fún òbí láti rà, àpò òbí ló ń pín ọmọ nìyẹn, ibi tórí ba ọmọ dé ló máa sọ bóyá orí àga lá jókòó sí.

Kí ìjọba sì gbé owó ẹ̀kọ́ gbogbo ọmọ, wọ́n ti ṣe é nílẹ̀ yìí rí. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Western Region ní January 1955, owó kòkó wà nínú owó tí ìjọba fi ń ṣe é, àwa lápá ibí yìí la sì ń gbin kòkó, wọn ò bi ọmọ pé ta ni bàbá ẹ kí wọ́n tó kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Ajáṣin gbé e látibẹ̀ ní 1979 nígbà tó di gómìnà Oǹdó. Nígbà tí Mímikò jẹ́ gómìnà, láàárín 2009 sí 2017, wọ́n kọ́ àwọn mega school, ìyẹn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ńláńlá, wọ́n sì ní bọ́ọ̀sì tó ń gbé ọmọ ilé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, yúnifọ́ọ̀mù ọrùn ẹ ni tíkẹ́ẹ̀tì. Mo rántí báwọn ìyá ṣe ń sáré wá gba yúnifọ́ọ̀mù nígbà yẹn. Àbùkù tí mo rí sí mega school ni pé ibi tí wọ́n bá kọ́ ọ sí ló jàǹfààní ẹ̀, ilé-ìwé tó wà ní ọ̀nà kejì ṣì wà bó ṣe wà.

Owó tún wà lókè tí ọ̀pọ̀ òbí ò mọ̀ nípa ẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ní owó UBE tó fi sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti kọ́ kíláàsì àti láti ra àga, ṣùgbọ́n bí òfin 2004 yẹn ṣe là á kalẹ̀, ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ìdajì tiẹ̀ kalẹ̀ kó tó rí i gbà. Ìpínlẹ̀ tí kò bá gbé tiẹ̀ kalẹ̀, owó yẹn á wà níbi tó wà. Torí náà nígbàkúùgbà tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé owó ò sí, ẹ béèrè pé ṣé wọ́n ti gbé ìdajì kalẹ̀ lọ́dún yìí, tí wọ́n bá sì ti gbà á, ilé-ìwé wo ló kàn. Ìbéèrè méjì yẹn ṣe pàtàkì ju kí á máa bá HM jà lọ.

Ẹni tó bá wá fẹ́ mú ọmọ lọ: ẹ mú un lọ, nítorí àwọn tísà. Ẹ lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá wọlé, ẹ wọ kíláàsì fúnra yín, ẹ ka bẹ́ǹṣì, ẹ wo tọ́lẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí n lẹ aṣọ mọ́ ìdí yúnifọ́ọ̀mù náà láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò ní gba owó lórí ìyẹn. Àga, mo fún wọn ní ọ̀kan nínú márùn-ún. Omi, òdo. Ọmọ tèmi á dúró síbẹ̀ títí táá fi ṣe Common Entrance.

Ní mítìn PTA tó ń bọ̀, ohun tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé kí àwọn PTA ilé-ìwé ìjọba tó wà ní Àkúrẹ́ jọ kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí SUBEB, ká to iye ọmọ tó ń jókòó sílẹ̀ ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan sínú ẹ̀, kí àga tó bá jáde kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn yẹn, kí àwọn tó ti rí rà tẹ́lẹ̀ dúró ná. Mo ti sọ ọ́ fún ìyá tí mò ń ránṣọ fún ní ilé-ìwé kejì yẹn. Ó ní òun á fọwọ́ sí i, òun á sì mú alága PTA tiwọn wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.