Ínkúbétọ̀ tó ń gba ẹyin 56 tí mo rà ní Ògùnpa: ẹ̀rọ náà dáa, ẹnu àwọn tó ń tà á ni kò dáa

"Mọ́mì, ẹyin yín ni kò ní àkùkọ."

Ohun tí ọmọkùnrin tó wà nídìí káńtà sọ fún mi nìyẹn, kò tilẹ̀ gbójú kúrò lórí fóònù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi jókòó kọ èyí. Ká ní ó dá mi lóhùn bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni, bóyá ǹ bá gbé ẹ̀dùn ọkàn mi mì, kí n kàn sọ pé ọjà kò bọ́ sí i.

Ẹ̀rọ tí mò ń sọ ni ínkúbétọ̀ oníke tó ń bá adìyẹ sàba, tó ń gba ẹyin 56, tó ń yí ẹyin fúnra rẹ̀, tó sì ṣeé so mọ́ iná NEPA tàbí bátìrì ọkọ̀. Ó kún ìgboro Ìbàdàn, ó kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo wa la ti rí i. N kò ní jókòó máa ka àwọ̀ àti bọ́tìnnì rẹ̀ fún yín. Ìdí tí mo fi rà á ni pé àgbébọ̀ mi tó mọ̀ ọ́n sàba jù, bí ó bá bo ẹyin mẹ́wàá sí méjìlá, ó parí. Tó bá sì ti pa wọ́n, ó di ìgbà tó bá tọ́ wọn dàgbà kó tó tún yé. Láàárín ìgbà yẹn àṣá á ti gbé díẹ̀ lọ. Mo fẹ́ kí àwọn adìyẹ máa yé lọ ní tiwọn, kí ẹ̀rọ máa bá wọn sàba.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ẹyin ti wá, torí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n gbà bú mi. Ọkùnrin kan ní ọ̀nà Lálúpọn ni mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń sin adìyẹ ìbílẹ̀, ó sì ń sin FUNAAB Alpha, irú èyí tí Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ Abẹ́òkúta mú jáde. Àkùkọ kan ló ń bá nǹkan bí abo mẹ́jọ gbé, ojú mi ló ṣe. Kò sí ẹyin tó ti pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ níbẹ̀, kò sí èyí tí wọ́n fi omi fọ̀, kò sí èyí tó wọ fíríìjì. Orí ṣóńṣó wọn ni mo fi kọ ìsàlẹ̀ nígbà tí mò ń kó wọn jọ.

Nígbà tó pé ọjọ́ keje nínú ẹ̀rọ, mo pa iná yàrá, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ti ṣe é rí mọ̀ ọ́n: ẹyin tó ti lọ́mọ nínú á fi àwọn iṣan pupa tẹ́ẹ́rẹ́ hàn bí aláǹtakùn tó na ẹsẹ̀, kókó dúdú kan á sì máa mì láàárín wọn. Èyí tí kò lọ́mọ á mọ́lẹ̀ gbòò. Àwọn tó mọ́lẹ̀ gbòò kò pọ̀, mo yọ wọ́n. Mo ya fọ́tò àwọn tó kù, mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi lórí WhatsApp pẹ̀lú ìyangàn. Fọ́tò yẹn wúlò lẹ́yìn náà.

Lọ́jọ́ kejìdínlógún mo yọ ohun tó ń yí ẹyin, mo bu omi kún un kí ọ̀rinrin lè gòkè sí nǹkan bí ìdá 65 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún, mo dé e, mi ò ṣí i mọ́. Ọjọ́ kọkànlélógún pé, kẹ́kẹ́ pa. Ó ku ọ̀la, ó ku ọ̀tunla, kẹ́kẹ́ ṣì pa. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn mélòó kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lu eèpo. Àwọn tó jáde wú níkùn, ara wọn ń lẹ̀, wọn kò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Kò sí èyí tó di ọjọ́ kejì. Mo fọ́ àwọn tí kò jáde: ọmọ pípé ni, tìyẹ́tìyẹ́, tèékánnátèékánná.

Nígbà tí mo wá dé ṣọ́ọ̀bù yẹn, tí ọmọ náà ní ẹyin mi kò ní àkùkọ, ẹ rí i pé kì í ṣe ẹnu lásán ni mo bá wá. Mo gbé ẹ̀rọ náà sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, mo sì wé ẹyin méjì sínú ìwé ìròyìn. Mo fi fọ́tò hàn án. Ó wò ó fìrí.

"Ṣé kì í ṣe ẹyin kíréètì lẹ kó sí i, Mọ́mì? Ẹyin kíréètì kì í pa o."

Mo ní mo mọ̀ pé adìyẹ inú kéèjì ń yé láìrí àkùkọ, pé ẹyin tèmi kì í ṣe ti kéèjì. Ó ní, "Àkùkọ míì wà tí kì í ṣiṣẹ́." Ibẹ̀ ni inú bí mi. Mo tú ìwé ìròyìn, mo gbé ẹyin tí mo ti fọ́ sórí káńtà, mo ní kó wá fi àkùkọ tí kì í ṣiṣẹ́ ọ̀hún hàn mí níbẹ̀. Òórùn bẹ́. Bàbá kan tó fẹ́ ra ohun tí adìyẹ fi ń mumi dì í nímú, ó yísẹ̀ padà. Ìgbà yẹn ni ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fóònù sílẹ̀. Kì í ṣe láti bẹ̀ mí o, ó fẹ́ pe màdáámù ni.

Màdáámù kò kí mi. Orí sípíkà ló ti bẹ̀rẹ̀: "A kì í dá owó padà, ó wà lórí rìsíìtì." Lóòótọ́, ó wà níbẹ̀. Mo ní mi ò tíì bèèrè owó, mo ń bèèrè ìdí tí ọmọ fi kú sínú ẹyin. Ó ní NEPA ló mú iná. Mo ní ẹ̀rọ wà lórí bátìrì nígbàkígbà tí iná bá lọ. Ó ní ẹ̀yin oníbàárà kì í ka ìwé tó bá ẹ̀rọ wá. Ẹ̀yin èèyàn, èdè Ṣáínà ló kún ìwé yẹn. Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò lórí, kò nídìí. Ó wá ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo fìdí kalẹ̀ sórí àpò oúnjẹ adìyẹ kan lẹ́nu ọ̀nà, mo ní ibẹ̀ ni màá ti dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà.

Kí n má ba ọjà jẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ: ohun tó ń yí ẹyin kò dáṣẹ́ sílẹ̀ rí. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ náà á bọ́ sórí bátìrì kí èèyàn tó sọ pé "ah". Fáànù rẹ̀ kò pariwo, yàrá tí mo ń sùn gan-an ni mo gbé e sí. Iye tí mo rà á náà kò burú, tí a bá fi wé ohun tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ onípákó.

Bàbá àgbàlagbà kan wà lẹ́yìn àwọn páálí, ó ń fi iná jó wáyà pọ̀. Ó ti ń gbọ́ wa látìgbà yẹn, kò sọ nǹkan kan. Ó wá gbórí sókè.

"Ìyá, ọjọ́ wo ni wọ́n tó lu eèpo?"

"Ọjọ́ kọkànlélógún ti kọjá dáadáa, sà."

"Ikùn wọn wú?"

"Ó wú, sà."

"Òtútù ni. Ẹ̀rọ yín ń parọ́ fún yín."

Ọ̀rọ̀ kúkúrú yẹn nìkan ni mo gbà lọ́wọ́ gbogbo wọn tó jọ ìdáhùn. Bàbá ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wọlé. Ó so ó mọ́ iná, ó dúró kí ó móoru, ó wá yọ tẹmọ́mítà tí wọ́n fi ń wọn ibà nínú àpò, èyí oní mẹ́kúrì, ó fi í sí ibi tí ẹyin ń sùn gan-an. Ó tún fi òmíràn sí i nítorí, ó ní, ẹlẹ́rìí kan kì í tó ní kóòtù. Ó rán ọmọ yẹn kó lọ ra omi tútù fún mi. Nígbà tó yá, ó pè mí kí n wá wò ó: ojú ẹ̀rọ ń sọ pé 37.8, tẹmọ́mítà méjèèjì ń sọ pé 36.4.

Ó ṣàlàyé fún mi bí olùkọ́. Nínú ẹ̀rọ tó ní fáànù, nǹkan bí 37.5 sí 37.8 ni ẹyin adìyẹ ń fẹ́. Tó bá rẹlẹ̀ síyẹn fún ọjọ́ púpọ̀, ọmọ á pẹ́ kó tó jáde, ikùn rẹ̀ á wú torí pé kò tíì fa pupa ẹyin tán, èyí tó pọ̀ á kú sínú eèpo. Tó bá ga jù, wọ́n á yára jáde, wọ́n á kéré, ìdodo wọn kò ní tíì pa, ẹsẹ̀ òmíràn á ti wọ́. Ó ní ẹni tó bá wo òròmọdìyẹ tó kú dáadáa á mọ ohun tí ẹ̀rọ ṣe.

Lẹ́yìn náà ló fi ọ̀nà hàn mí, èyí tó yẹ kí ìwé wọn fi hàn. Ó tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n kọ SET sí, ó di í mú títí AL fi jáde lójú ẹ̀rọ. Ó tẹ̀ ẹ́ kọjá AH àti AS, ó dé CA. Ó ní AL ni ibi tí òtútù bá dé tó fi máa ké, AH ni ti ooru, AS ni ti ọ̀rinrin, CA ni wọ́n fi ń mú irọ́ ẹ̀rọ kúrò. Ó fi 1.4 dín in. Lójú ẹsẹ̀, 37.8 di 36.4 lójú ẹ̀rọ, iná inú rẹ̀ sì tàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í móoru. A jọ jókòó tì í títí òun àti tẹmọ́mítà fi ń sọ ohun kan náà.

Bàbá kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ní tí bátìrì bá tán lóru, kí n fi aṣọ nípọn bo ẹ̀rọ, kí n má dí ihò tó fi ń mí. Ó ní kí n má sá sókè sódò, ẹyin kì í tutù lẹ́ẹ̀kan náà, àti pé lọ́jọ́ tó kẹ́yìn àwọn ọmọ inú rẹ̀ ń mú ooru tiwọn jáde. Ó wá yíjú sí ọmọ yẹn, ó ní, "Bẹ ìyá." Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ ìdajì, fóònù ti tún padà sọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà Lálúpọn kan náà ni mo tún ti ra ẹyin ìkejì. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde ti ń ké láti inú eèpo kó tó di ọjọ́ kọkànlélógún, nígbà tó fi di alẹ́ ọjọ́ yẹn ilé ti di ọjà. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹyin tó lọ́mọ ló pa, wọ́n le koko. Mi ò ṣí ìbòrí títí wọ́n fi gbẹ. Òròmọdìyẹ lè gbé ọjọ́ méjì láìjẹ láìmu torí pupa ẹyin tó fà sínú, ṣùgbọ́n tí ọ̀rinrin bá jáde lára àwọn tó ṣì wà nínú eèpo, awọ inú eèpo á gbẹ mọ́ wọn lára. Èmi àti aládùúgbò mi jọ pín òògùn àjẹsára àrùn adìyẹ tí à ń pè ní lùkúlùkú, èyí tí wọ́n ń kán sójú, nítorí pé ìgò kan ti pọ̀ jù fún ẹni kan.

Mo wá pe màdáámù láti fi ìdùnnú sọ fún un, mo sì bi í pé kí ló dé tí Bàbá kò lè máa wọn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó tà á, ṣebí kò ju kí èèyàn jókòó tì í díẹ̀ lọ. Ó ní, "A ò lè máa tú gbogbo páálí, Mọ́mì." Kò sọ pé pẹ̀lẹ́ fún àwọn tó kú. Kò sọ pé ẹ kú oríire fún àwọn tó yè. Ihò tí wọ́n ń gbà bu omi sí ẹ̀rọ náà tún kéré. Nígbà ọyẹ́, tí omi ń gbẹ kíákíá, sìríńjì ni mo fi ń bu omi sí i, ọwọ́ ń ro mí.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti rí àwọn òròmọdìyẹ náà, ó ní kí n bá òun ra irú rẹ̀. Mo ti san àsansílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, mo sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé Bàbá gbọ́dọ̀ fi tẹmọ́mítà wọ̀n ọ́n kí n tó gbé e.