Ojú-Àpá: ère ìyàwó Kàkò tí àdá kò pa

Ẹni tí ó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní ọdún 1938, kò jẹ́ gbàgbé bí Kàkò oníkùmọ̀ ẹkùn ṣe kúrò nílé nígbà tí Àkàrà-oògùn, ọdẹ tí ìtàn náà dá lé lórí, wá pè é pé kí àwọn jọ lọ sí Òkè Lángbòdó. Orí ètò ìgbéyàwó ni ìpè náà bá a. Obìnrin tí ó fẹ́ fi ṣe aya dì mọ́ ọn, ó ń sunkún, ó ní kò ní lọ; nígbà tí ẹkún náà sú Kàkò, ó fa àdá yọ, ó ṣá a ní ìbàdí, obìnrin náà sì ṣubú lulẹ̀, ó ń ké orúkọ ọkọ rẹ̀ títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀. Ìtàn kò dúró ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Àwọn ọdẹ bá ìrìn wọn lọ, àwa òǹkàwé náà sì tẹ̀ lé wọn, nítorí pé ọ̀nà Lángbòdó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní èdè Yorùbá, kò tíì sí ọdún kan tí ọmọbìnrin kan kò ní nawọ́ sókè tí a bá dé ibẹ̀ yẹn, kí ó sì béèrè pé, "Sà, kí ni obìnrin yẹn wá ṣe?"

Ère tí mo rà yìí ni ìdáhùn tí ó sún mọ́ ìbéèrè náà jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo ti rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣẹ́ ọnà kan ní Ìbàdàn, tí ìwé Fágúnwà ti gbà lọ́kàn láti kékeré, ni ó jókòó tí ó rò ó pé bí ìyàwó Kàkò kò bá kú ńkọ́? Bí ọgbẹ́ náà bá jinná, tí obìnrin náà gbé àpò ọdẹ kọ́ èjìká, tí òun náà sì wọ inú igbó lọ, irú jagunjagun wo ni yóò dà? Ó sọ ọ́ ní Ojú-Àpá, a sì mọ ibi tí ó ti mú orúkọ náà, torí pé àwọn àgbà ti sọ pé ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Ẹ̀dá ìtàn yìí kò sí nínú ìwé Fágúnwà. Ọwọ́ olólùfẹ́ ìwé náà ni ó ti jáde. Ère náà ga tó íǹṣì 11, rẹ́sìnì ni ó fi ṣe é, ọwọ́ ni ó fi kùn ún, ₦68,000 ni mo sì san, láìka owó tí mo fún awakọ̀ tí ó gbé e wá bá mi ní Adó-Èkìtì.

Ìbàdí ni mo kọ́kọ́ wò. Ẹ̀rù ti ń bà mí pé yóò fi àpá náà ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán, ìlà kan ṣoṣo tí ó lọ gbọọrọ bí ẹni fi rúlà fà á. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àpá náà bẹ̀rẹ̀ lókè egungun ìbàdí òsì, níbi tí ó ti fẹ̀ jù tí ó sì jinlẹ̀ jù, ó wá gba iwájú, ó ń tín-ín-rín bí ó ti ń lọ, ó sì parẹ́ kí ó tó dé ìdodo. Mo pe olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan pé kí ó wá dúró níwájú mi nínú yàrá àwọn olùkọ́, mo gbé rúlà bí ẹni gbé àdá, mo sì rí i pé òótọ́ ni: ẹni tí ó bá ń lo ọwọ́ ọ̀tún, tí ó sì dojú kọ ẹni tí ó fẹ́ ṣá, apá òsì ẹni náà ni àdá yóò kọ́kọ́ bà. Ẹni tí ó ṣe ère yìí ti ro ọ̀rọ̀ náà dé ibẹ̀. Ó tún rí i dájú pé ìgbàdí tí obìnrin náà so kò gun orí àpá: àdó kéékèèké méje ni ó wà lára rẹ̀, gbogbo wọn sì kó sí ọ̀tún àti ẹ̀yìn, nígbà tí okùn awọ tí ó so wọ́n pọ̀ rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ ní apá òsì, bí ẹni pé ẹni tí ó so ó mọ̀ lára ara rẹ̀ pé awọ líle kì í bá ojú àpá rẹ́. Àtàǹpàkò ọwọ́ òsì rẹ̀ wà létí àpá náà gan-an, ṣùgbọ́n kò kàn án. Mo wo àtàǹpàkò yẹn fún ìgbà pípẹ́.

Ọ̀dà ni ó fẹ́ ba iṣẹ́ náà jẹ́. Oníṣẹ́ ọnà náà kun àpá ní àwọ̀ pupa, bí ìgbà tí àdá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀. Àpá tí ó ti pẹ́ lára aláwọ̀ dúdú kì í pọ́n bẹ́ẹ̀. Dídán ni ó máa ń dán, ó sì sábà máa ń dúdú ju ara tí ó yí i ká lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ọgbẹ́ tútù ni, obìnrin náà kò ní lè dúró bí ó ti dúró yìí, ẹsẹ̀ ọ̀tún níwájú, òsì lẹ́yìn, tí gbogbo ara rẹ̀ rọ̀ bí ara ẹni tí ó ti ń rìn nínú igbó fún ọdún pípẹ́.

Mo fẹ́ràn aṣọ rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn jagunjagun obìnrin tí àwọn ọ̀dọ́ ń yà lóde òní ni wọ́n máa ń wọ aṣọ péńpé tí ẹ̀gún àti ẹ̀fọn kò ní jẹ́ kí wọ́n fi rìn dé ìdí igi kejì. Gbérí ọdẹ ni Ojú-Àpá wọ̀, ó gùn dé itan, ó sì là ní ẹ̀gbẹ́ òsì kí àpá lè hàn. Ìfúnpá wà ní apá rẹ̀, ońdè kan sì wà lọ́rùn. Ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó ń wo nǹkan kan tí ó wà ní ìsàlẹ̀ níwájú rẹ̀, bí ọdẹ tí ń wo ipasẹ̀ ẹran. Ẹni tí ó bá mọ ìwé náà yóò tún rí ohun mìíràn lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀: fìlà irin kan wà nílẹ̀, èyí tí ó jẹ́ àmì Àgbákò, ẹ̀dá burúkú tí ó ko Àkàrà-oògùn lójú nínú igbó, tí ó dé fìlà irin, tí ó sì ní ojú mẹ́rìndínlógún yí orí ká. Etí fìlà náà ni oníṣẹ́ ọnà yìí gbẹ́ àwọn ojú náà sí. Mo fi abẹ́rẹ́ kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n pé mẹ́rìndínlógún.

Bruce Onobrakpeya ni ó ya àwọn àwòrán inú ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí Wọlé Ṣóyínká ṣe fún ìwé náà ní ọdún 1968, ojú àwọn àwòrán yẹn ni púpọ̀ nínú wa sì fi ń wo igbó náà títí di òní. Inú mi dùn pé oníṣẹ́ ọnà yìí kò jí wọn dà kọ. Ohun tí ó fojú inú rí ni ó ṣe.

Níbo wá ni ó ti ṣìnà? Ọwọ́ ọ̀tún obìnrin náà ni. Kùmọ̀ tí a fi awọ ẹkùn wé wà lẹ́yìn obìnrin náà, ìyẹn sì dára, torí pé ó jẹ́ kí a máa bi ara wa léèrè ibi tí ó ti bá Kàkò pàdé àti bí ìpàdé ọ̀hún ṣe parí. Ṣùgbọ́n idà ni ó mú dání, idà gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó tẹ̀ díẹ̀ lórí, tí èèkù rẹ̀ gùn tó láti gba ọwọ́ méjì, irú èyí tí a mọ̀ mọ́ àwọn jagunjagun ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ Japan. Idà àwọn ará Japan dára níbi tí wọ́n ti rọ ọ́. Nínú ìtàn yìí, àdá ni ó dá egbò yìí sí i lára: àdá tí a fi ń ṣán oko, tí a fi ń la ọ̀nà, tí ikùn rẹ̀ fẹ̀ síwájú, tí èèkù rẹ̀ sì jẹ́ igi tí a kàn ní ìṣó. Bí ó bá jẹ́ pé àdá yẹn gan-an ni obìnrin náà mú lọ́wọ́, ohun tí ó ṣá a ni ì bá máa fi la ọ̀nà, kò sì sí ẹni tí ì bá nílò káàdì kankan láti ṣàlàyé rẹ̀. Mo bi oníṣẹ́ ọnà náà léèrè lórí WhatsApp. Ó ní, "Ẹ má bínú sà, àwọn tí ń rà á ní òkè òkun ni wọ́n fẹ́ràn idà yẹn." Mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n n kò gbà.

Ọ̀rọ̀ káàdì náà tún wà nílẹ̀. Káàdì pélébé kan wà nínú páálí pẹ̀lú oríkì tí oníṣẹ́ ọnà náà fúnra rẹ̀ kọ, oríkì náà sì wú mi lórí, pàápàá jù lọ ibi tí ó ti pe obìnrin náà ní "a-gbọgbẹ́-má-kùú" àti "a-fi-àpá-ṣe-ìgbàdí". Ṣùgbọ́n kò sí àmì ohùn kan ṣoṣo lórí gbogbo rẹ̀, àmì ìsàlẹ̀ kò sì sí pẹ̀lú. "O gba oko lowo oko re" ni ó wà lórí ìlà kẹrin. Ṣé oko ni ó gbà lọ́wọ́ ọkọ, àbí ọkọ́, àbí ọ̀kọ̀? Mo gbé e fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, ọmọkùnrin kan sì dìde, ó kà á pé obìnrin náà gba ọkọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín nítorí pé wọ́n rí jagunjagun tí ń lọ kọ ebè. Ẹni tí ó lè ka ojú mẹ́rìndínlógún sára fìlà irin tí kò tó èékánná, kò yẹ kí àmì ohùn ṣòro fún un.

Ní ti bí wọ́n ṣe ṣe é, ẹ̀rọ 3D ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń mú kí rẹ́sìnì olómi gan ní ìpele tín-ín-rín, ọ̀kan lórí èkejì, títí ère yóò fi pé. Níbi tí wọ́n ti fi sáńdípépà fá a dáadáa, ara rẹ̀ jọ̀lọ̀. Lẹ́yìn orúnkún àti lábẹ́ apá, àwọn ìlà ìpele náà ṣì hàn bí ìlà àtẹ́lẹwọ́. Rẹ́sìnì tí ó ti gan máa ń le, ṣùgbọ́n ó tètè ń dá. Ẹni tí ó bá rà á fún ọmọdé láti fi ṣeré ti sọ owó rẹ̀ nù, ẹni tí ó bá sì gbé e sí ojú fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń ràn án yóò rí i pé ọdún díẹ̀ ni yóò fi máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tí yóò sì tún gbẹ sí i.

Èmi gan-an ti rí díẹ̀ nínú dídá yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni oníṣẹ́ ọnà náà ní iṣẹ́ náà yóò gbà lẹ́yìn tí mo bá san ìdajì owó sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ keje ni awakọ̀ pè mí láti gáréèjì. Kì í ṣe pé ó ń sá fún mi, torí pé gbogbo ìgbà tí mo bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ni ó ń dáhùn, ó sì ń fi fọ́tò hàn mí bí ó ti ń kùn ún, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méje kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí mo tú páálí, ìwé ìròyìn tí a rún mọ́ra nìkan ni ó fi wé e, ṣóńṣó idà sì ti kán. Mo gbà nínú ọkàn mi pé àdánù náà kò dùn mí tó bí ó ti yẹ. Mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, oníṣẹ́ ọnà náà sì tọrọ àforíjì lójú ẹsẹ̀, ó ní òun yóò tẹ òmíràn láìgba kọ́bọ̀.

Ohun kan tún wà tí mo yìn ín fún. Kò kọ orúkọ Kàkò tàbí orúkọ ìwé náà sára páálí láti fi ta ọjà. Ọdún 1963 ni Fágúnwà kú, òfin Nàìjíríà sì fi ẹ̀tọ́ iṣẹ́ ìwé sílẹ̀ fún àwọn ajogún fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé, èyí tí ó túmọ̀ sí pé títí dé òpin ọdún 2033 ni ìwé náà fi ní olówó. Ẹ̀dá tirẹ̀ ni ó dá, orúkọ tirẹ̀ ni ó fún un, ó sì fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n láti mọ̀ ọ́n.

Mo ní àdá kan tí ó jẹ́ ti bàbá mi, tí èèkù rẹ̀ ti dán nítorí ọwọ́. Dípò kí n gba idà tuntun tí ó ṣèlérí, mo ya fọ́tò àdá náà ní iwájú, ní ẹ̀gbẹ́ àti ní ẹ̀yìn, mo fi rúlà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó lè mọ bí ó ti gùn tó, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi èyí sí obìnrin náà lọ́wọ́. Ó fi ohùn ránṣẹ́ padà ní alẹ́ ọjọ́ kejì. Ó ní òun ti yà á sórí kọ̀ǹpútà, ó sì ń béèrè bóyá ìṣó mẹ́ta ni ó wà ní èèkù àbí méjì.