Google Earth, Sentinel, charting àbí dróònù: èwo ló yẹ kẹ́ ẹ náwó sí kẹ́ ẹ tó ra ilẹ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ilẹ̀ oko tàbí pulọ́ọ̀tì l'Ógùn, l'Ọ́yọ̀ọ́ tàbí l'Ékòó, tí ajẹ́ńtì ti ń fi fọ́tò dà yín láàmú lórí WhatsApp, ẹ fara balẹ̀ ná. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ sanwó ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, èyí tó yẹ kẹ́ ẹ sanwó fún gan-an, wọn kì í dárúkọ ẹ̀.

Google Earth ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí. Ó mọ́lẹ̀ débi pé ẹ máa ka òrùlé ilé kọ̀ọ̀kan, ẹ sì lè tẹ historical imagery, ìyẹn àwòrán àtijọ́, kẹ́ ẹ máa fà á sẹ́yìn lọ́dọọdún, kẹ́ ẹ rí i bóyá ibi tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀ gbígbẹ lónìí, irà ni, iyanrìn ni wọ́n fi dí i. Ẹ ṣáà wo déètì tó wà lórí àwòrán yẹn o, torí ti ìgbèríko lè ti pẹ́ gan-an.

Sentinel-2, sátẹ́láìtì tàwọn ará Yúróòpù, tẹ́ ẹ máa rí àwòrán ẹ̀ lórí ìkànnì Copernicus Browser, ọ̀fẹ́ lòun náà, kò mọ́ tó Google, mítà 10 ni píksẹ́lì kan (ojú kékeré kan nínú àwòrán), ẹ ò lè rí fẹ́ǹsì níbẹ̀, àmọ́ ọjọ́ 5-5 ló ń kọjá. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ etí odò Ògùn ni, lọ́nà Isheri àti Kara tí omi ń ya bò, èmi á mú un ju Google lọ, ẹ mú àwòrán oṣù kìíní, ẹ mú ti oṣù kẹwàá, ẹ gbé wọn síra, kẹ́ ẹ fi rí ibi tí omi dé. Ìkùukùu ló máa ń dí i lójú lásìkò òjò, tó bá ti rí bẹ́ẹ̀ ẹ bọ́ sórí Sentinel-1, rédà nìyẹn, kò sí ìkùukùu tó dí i lọ́nà, omi tó dúró jẹ́ẹ́ á sì dúdú kirikiri.

Landsat, sátẹ́láìtì t'Amẹ́ríkà ńkọ́? Láti 1972 ló ti ń ya ayé, ó dáa fún ẹni tó fẹ́ mọ ìgbà tí wọ́n gé igbó kan. Fún pulọ́ọ̀tì, ẹ má wulẹ̀ ṣí i. Máàpù OSGOF (ọ́fíìsì Surveyor-General ìjọba àpapọ̀), 1:50,000 yẹn, òkè àti odò ló dáa fún, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dàgbà ju àwa gan-an lọ.

Ó wá ku charting, ìyẹn kí wọ́n fi survey plan (àwòrán ààlà ilẹ̀) wé àkọsílẹ̀ ìjọba, ní ọ́fíìsì Surveyor-General ìpínlẹ̀, t'Èkó wà ní Alausa. Èyí ni kẹ́ ẹ náwó sí. Kò sí fọ́tò tó máa sọ fún yín pé ìjọba ti gba ilẹ̀ yẹn, lójú fọ́tò, koríko ni koríko ń jẹ́. Àwọn kan á mú nọ́ńbà coordinates, èyí tó ń sọ ibi tí ilẹ̀ wà, lórí survey plan, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sí Google Earth fúnra wọn, tó bá já sórí ilé onílé wọ́n á ní wọ́n ti lu àwọn ní jìbìtì. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀ o! Minna datum, ìpìlẹ̀ ìwọ̀n ilẹ̀ ti Nàìjíríà, ni ọ̀pọ̀ plan wa wà, WGS84, ti gbogbo ayé, ni Google ń lò, tẹ́ ẹ ò bá yí i padà ó lè yẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 100, ẹ ti wọ ilẹ̀ ẹlòmíì nìyẹn. Ẹ gbé plan yẹn fún awọnlẹ̀ tí SURCON, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn awọnlẹ̀, fún níwèé àṣẹ, iṣẹ́ kékeré ni lọ́wọ́ ẹ̀.

Dróònù dùn-ún wò, ó mọ́ ju gbogbo wọn lọ, àmọ́ ẹ̀yìn charting ni kẹ́ ẹ pè é, tó bá jẹ́ ilẹ̀ hẹ́kítà rẹpẹtẹ. Ẹ bi ẹni tó fẹ́ fò ó bóyá ó ní àṣẹ NCAA (àjọ ọkọ̀ òfuurufú) àti ONSA (ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò) lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé fọ́tò ẹ̀ ò rí abẹ́ igi kòkó.

Ẹni tó ń wá ibi tó máa fọ́ òkúta tàbí gbẹ́ borehole, máàpù NGSA, àjọ ìjọba tó ń ṣèwádìí abẹ́ ilẹ̀, ni tiẹ̀, torí àpáta ló wà lábẹ́ Ìbàdàn, tí abẹ́ Èkó sì jẹ́ iyanrìn àti amọ̀. Ẹ tún wo máàpù Mining Cadastre Office, àwọn tó ń fúnni ní láísẹ́ńsì ìwakùsà, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun àmúṣọrọ̀ abẹ́ ilẹ̀, ẹlòmíì lè ti gba láísẹ́ńsì sórí ilẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ rà.