Rédíò ṣọ́ọ̀tù-wéèfù tòkunbọ̀ ní Sábó, Ìkòròdú: ṣé ó lè gbé Kúbà wọlé?

Ẹni tó bá ń tọpa ọ̀rọ̀ àwọn ará Kúbà tó sá lọ sí Miami, tó sì fẹ́ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ìjà orí afẹ́fẹ́ àárín wọn àti Havana, rédíò kékeré yìí, tí ṣọ́ọ̀tù-wéèfù rẹ̀ ń gbé ohùn ilẹ̀ òkèèrè wọlé, á ṣe é. Kì í ṣe oní-FM àti tọ́ọ̀ṣì o. Nọ́ńbà ìkànnì ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé nǹkan bí 29999 kHz.

Ẹ má dán an wò nínú ìsọ̀. Abẹ́ páànù ni, ìnfátà ń kùn, gílóòbù LED náà ń da ariwo sí i. Ẹ gbé e síta, ẹ fa ẹ́ríà rẹ̀ tán, kẹ́ ẹ wá 9 sí 12 MHz (9000 sí 12000 kHz). Bó bá dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ náà: BL-5C, bátìrì Nokia àtijọ́, ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, ayédèrú rẹ̀ sì pọ̀. Èyí tó bá ti wú, ẹ má gbà á.

Nílé, wáyà mítà 8 sí 10 ló máa là á lóhùn. Ẹ bó ẹnu rẹ̀, ẹ fi kílíìpù so ó mọ́ ẹ́ríà, ẹ na ìyókù gba fèrèsé lọ sára igi, kó jìnnà sí wáyà NEPA. Tí àrá bá fẹ́ sán, ẹ yọ ọ́. Bó bá gùn jù, rédíò á kún àkúnya, iléeṣẹ́ ńlá á máa yọ níbi tí kò sí. Ẹ má fi sójú ṣájà bẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ọ.

Ìkòròdú sí Havana lé ní 9,000 kìlómítà. 6000 kHz kì í rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ àfi tí ilẹ̀ bá ṣú níhà méjèèjì: aago méjì òru sí márùn-ún ìdájí tiwa. Orí 6000 yìí àti 1160 kHz ni Radio Swan, tí CIA, àjọ amí Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní 1960, ti ń pe àwọn ọ̀tá Fidel Castro, olórí Kúbà nígbà náà. Radio Habana Cuba, rédíò ìjọba Kúbà, ló padà wá ń lo 6000. Nígbà tí ìkọlù Bay of Pigs, tí CIA fi àwọn ará Kúbà tó sá kúrò nílé gbógun ti Castro, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 1961, Swan ń sọ ọ́ bí àrokò pé kí wọ́n wo òṣùmàrè, pé ẹja máa tó jáde. Àwọn tó wà lábẹ́lẹ̀ ní Kúbà kò mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe, nítorí kò sẹ́ni tó sọ ọjọ́ fún wọn ṣáájú. Rogelio González Corzo, "Francisco", tó ń so okùn wọn pọ̀, ti wà lẹ́wọ̀n láti 18 oṣù Kẹta; 20 oṣù Kẹrin ni wọ́n yìnbọn pa á. Rédíò kò lè rọ́pò irú èèyàn bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó lágbára tó.

Radio Martí, rédíò ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn ará Kúbà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 20 oṣù Karùn-ún 1985, ṣòro jù láti gbọ́. Greenville ní North Carolina, ní Amẹ́ríkà, ni ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀tù-wéèfù rẹ̀ wà, Kúbà ni wọ́n kọjú ẹ́ríà rẹ̀ sí, Havana sì ń fi ariwo dí i. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ híhó tí kò dáwọ́ dúró, ẹ má lu rédíò; ẹ dín fífẹ̀ ìkànnì tó ń gbà (bandwidth) kù sí 3 kHz, kẹ́ ẹ yẹ nọ́ńbà rẹ̀ díẹ̀ sápá kan.

Ẹni tí FM nìkan tó, kó má náwó sí i.